Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ọkùnrin Inú Ìwé Náà Lọ

Àwọn mẹ́rin ló wọlé tọ̀ mí wá ní ọ̀sẹ̀ kejì ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, kò sí èyí tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nínú wọn. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin fi ìka kan ilẹ̀ fẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń wò ó bóyá sìmẹ́ǹtì ti gbẹ, wọ́n sì pe ìyẹn ní ìdọ̀bálẹ̀. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ní Ibafo tí mo ń gbé yìí, ẹni tó bá ní dandan àfi kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja yóò dúró pẹ́.

Wọ́n ní ilé ìwé àwọn ní Mowe ti fún àwọn ní ìwé ìtàn kan láti kà kí àwọn tó wọlé padà, àwọn sì gbọ́ pé tíṣà ni mí nígbà kan.

“Tíṣà ni mí títí di ìsinsìnyí,” ni mo wí. “Owó oṣù nìkan ni wọn ò san mọ́. Ìwé náà dà?”

Wọ́n wo ojú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni mẹ́ta nínú wọn ki ọwọ́ bọ báàgì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fa ìdì ìwé pẹlẹbẹ kan jáde. Mo gbé awò mi wọ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni. Wọ́n ti fi abẹ gé e sí mẹ́rin láti ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Àwọn òbí wọn ló pawọ́ pọ̀ ra ẹyọ kan, nítorí ilé ìwé náà nìkan ló ń tà á, ó sì wọ́n. Dípò kí wọ́n máa dúró de ara wọn, wọ́n pín in bí ẹni pín búrẹ́dì. Kálukú yóò ka ìdá tirẹ̀, yóò sì wá sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Èmi tí mo ti ń kọ́ni kí àwọn òbí wọn tó mọ ara wọn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀kan mọ bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kò mọ bí ó ṣe parí. Ọ̀kan mọ ìparí rẹ̀, kò mọ àwọn tó ń sunkún níbẹ̀.

“Mélòó lẹ fà jáde yẹn? Mẹ́ta ni mo kà.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin gbé ojú sílẹ̀. “Tèmi wà nílé, mà.”

“Lọ mú un wá.”

“Ó wà nílé lóòótọ́, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kùn ún.”

Bàbá rẹ̀ ń kun ọkọ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Àwọn tó ń kun ọkọ̀ sì máa ń fi bébà bo gíláàsì kí ọ̀dà má baà ta sí i. Bàbá náà rí ìdì bébà kan tí kò ní èèpo, tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò sì ní òpin, ó rò pé ìdọ̀tí ni. Ó já a sọ́tọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ oníbàárà kan. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà mú ohun tó ṣẹ́kù wá fún mi wò. Ó pupa wẹ̀ẹ̀, àfi ìlà mélòó kan létí, tí ẹnì kan ti ń sọ pé, “Ẹ̀yin ẹ di ibẹ̀ mú.” Ibo ni wọ́n ní kí wọ́n dì mú, Ọlọ́run ló mọ̀.

Àwọn mẹ́ta ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tí ó kéré jù nínú wọn kò rẹ́rìn-ín. Òun ni ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀ ní ilé ìwé náà, tí wọ́n sì tìtorí bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ó máa kàwé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

“Mà,” ló wí, “lọ́jọ́ ìwọlé, ọ̀gá tó ni ilé ìwé fúnra wọn ló máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti sọ fún ìyá mi pé tí mi ò bá lè sọ ohun tó wà nínú ìwé náà, wọ́n á fún ẹlòmíràn ní àyè mi.”

Mo bi í pé ta ni ọ̀gá náà. Ó dárúkọ. Mo ní kí ó tún un dá.

Èmi àti obìnrin yẹn jọ ṣe tíṣà ní Ifọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwa méjèèjì ń kọ́. Ọ̀nà tirẹ̀ ni pé kí ó kọ nọ́ọ̀tì kún bọ́ọ̀dù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó pa á rẹ́, kí ó tún kọ òmíràn, kí àwọn ọmọ máa dà á kọ títí ọwọ́ wọn yóò fi kú. Ọ̀nà tèmi ni pé kí a ka ìwé. Wọn á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á kà á sókè, a ó sì jọ jiyàn lé e lórí. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n yan igbákejì pirinsípà, àwọn alábẹ̀wò ìjọba dé. Èmi ni gbogbo ènìyàn ń retí. Obìnrin yìí wọ kíláàsì mi nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ jẹun, ó kó ìwé àjákọ wọn, ó tò ó síwájú àwọn àlejò, ó sì ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfìfo ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

“Ẹ wò ó fúnra yín, sà,” ló wí. “Wọn kì í kọ́ àwọn ọmọ yìí ní nǹkan kan.”

Òun ni wọ́n fi ṣe igbákejì. Èmi dúró sí kíláàsì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, tí àwọn ọmọ mi fi ẹ̀yìn àwọn ọmọ tirẹ̀ janlẹ̀, kò sí alábẹ̀wò kankan tó padà wá. Mo gbọ́ pé níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó sọ pé èmi ni mo sọ pé mi ò fẹ́ ipò náà. Irọ́ ni. Mo fẹ́ ẹ. Mo ti ra bàtà tí n óò máa wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì.

Òun náà ló wá ń pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ lọ ka ìwé ìtàn nígbà ìsinmi. Mo ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa bọ̀ láràárọ̀.

Mo da ìpín wọn rú. Ẹni tó ní ìbẹ̀rẹ̀, mo gba ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní òpin. Mo ń pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí kálukú fi ka ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló wà nínú ìtàn náà, tí wọ́n ń jà lórí ilé bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n ń wa ọkọ̀ agbégilódò. Ní òpin ìdá kejì, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì gun ọkọ̀, ó wọ igbó lọ. Nígbà tí ìdá kẹrin fi máa bẹ̀rẹ̀, igi ló fi ń tilẹ̀ bọ̀, ẹsẹ̀ kan ti lọ.

“Ejò ló bù ú jẹ,” ni ọmọ akunkọ̀ wí.

“Ejò wo ló ń jẹ gbogbo ẹsẹ̀ tán?” ni ọmọbìnrin kejì dá a lóhùn. “Ọkọ̀ ló gbá a.”

“Òun gan-an ló ń wa ọkọ̀. Ṣé ó gbá ara rẹ̀ ni?”

“Bàbá tìẹ ni kí o lọ bi. Òun ló fi ẹsẹ̀ náà bo gíláàsì.”

Wọ́n ti wá ìwé náà lórí fóònù, kò sí níbẹ̀. Mo rán wọn sí àwọn tó ń ta ìwé ní Mowe, mo ní kí ẹnì kan tó ń lọ sí Àgbàdo bá mi wò ó níbẹ̀. Kò sí. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ agbálẹ̀ kò bẹ̀ mí. Ó kàn ń jókòó níwájú mi láràárọ̀, ó ń ka ìdá kẹrin lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà lè hù padà.

Mo wọ bùbá tó mọ́. Mo wọ bàtà yẹn náà, èyí tí mo rà nítorí ọ́fíìsì. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Mowe.

Ilé ìwé náà ga, wọ́n kùn ún dáadáa, mi ò ní purọ́. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹnubodè pé níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń fẹ́ràn ìwé. Mo dúró kà á lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé kan mú mi wọlé, ó sì dárúkọ mi fún ọ̀gá rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ju obìnrin yìí lọ, nítorí náà ó dìde, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀.

“Àǹtí. Ẹ kú àtìjọ́, mà.”

“O kú iṣẹ́,” ni mo wí. “Ṣé àlàáfíà lo wà?”

Akọ̀wé náà yí ojú wò mí. Ó dájú pé kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọ̀gá rẹ̀ ní “o” rí. Mo gbádùn ìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ na ọwọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dé ibi tí mo wà. Ó ń kí àga ẹ̀gbẹ́ mi.

Mo ní ìwé ìsinmi ni mo wá yá. Ó ní ilé ìwé òun kì í yá ènìyàn ní ìwé, àmọ́ mo lè jókòó kà á níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀ wò títí ó fi kan ìwé náà, ó sì gbé e fún mi. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í.

“Ìwọ náà ò tíì kà á,” ni mo wí.

“Ojú mi ni, Àǹtí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ọ̀kan, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ìkejì ti lọ ní tirẹ̀. Tíṣà kan ló kọ ìbéèrè mẹ́ta fún mi. Mo ti há wọn sórí.”

Kò bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ènìyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Mo ti ń dúró de ọjọ́ tí n óò ká a mọ́ ibi tí kò mọ nǹkan, mo sì ti to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ jọ láti ìgbà Ifọ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ náà, mi ò rí i. Mo fi eyín já ọ̀rá ìwé náà.

“Ẹ kà á sókè, Àǹtí,” ló wí. “Bí ẹ ṣe máa ń ṣe.”

Mo ṣí i sí ìdá kẹta, mo ń kà á. Mo kọ́kọ́ sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú fún un ní ṣókí. Ohun tó wà ní ìdá kẹta náà nìyí: àbúrò ló tú ẹ̀wọ̀n tuntun tí wọ́n fi ń de igi mọ́ ọkọ̀, tí ó fi ògbólógbòó kan rọ́pò rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú igbó, ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti lọ fún un le, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ di ibẹ̀ mú. Ẹ̀wọ̀n já, igi yí lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ náà lọ nìyẹn. Mo kà á dé ilé ìwòsàn, níbi tí àbúrò dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí kò lè wọlé.

Nígbà tí mo gbé ojú sókè, obìnrin náà ti fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n.

“Ṣé ẹ̀gbọ́n padà mọ̀ pé òun ni?”

“Ó wà ní ìdá tó kù.”

“Kí ló wá sọ fún un?”

Mo pa ìwé dé, mo dá a padà sórí tábìlì rẹ̀. “Ọmọ agbálẹ̀ rẹ mọ̀ ọ́n. Bi í léèrè lọ́jọ́ ìwọlé. Gbà á láyè kí ó sọ ọ́ tán.”

Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe ń jáde lọ. Mi ò yíjú padà. Ní ilé, mo sọ ìdá kẹta fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọ akunkọ̀ sì ní òun ṣì rò pé ejò ni ìbá dára jù.

Lọ́jọ́ ìwọlé, ọmọbìnrin kékeré náà gba ọ̀dọ̀ mi kọjá kí ó tó délé. Ó kúnlẹ̀.

“Wọn ò bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n bi àwọn tó kù, mà. Wọ́n kàn ní kí n sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ fún àbúrò.”

“O sọ ọ́?”

“Mo sọ ọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà gan-an. Ó ní òun ò dárí jì í, ṣùgbọ́n kí ó lọ gbé àga wá, ẹsẹ̀ kan ò ṣeé dúró lé pẹ́.”

“Kí ni wọ́n wá sọ?”

“Wọ́n ní kí èmi náà jókòó. Wọ́n ní kí n sọ fún ìyá mi pé àyè mi wà níbẹ̀ títí n óò fi jáde ìwé.” Ó rántí nǹkan. “Wọ́n ní kí n kí yín. Mo bi wọ́n pé kí n ní kí ni. Wọ́n ní kí n kàn kí yín.”

Mo ní kò burú. Mo ní kí ó dìde, kí ó fi ohun tí wọ́n ṣe ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì hàn mí. Ó ṣí ìwé àjákọ rẹ̀. Ojú ewé mẹ́fà ló kún dẹ́múdẹ́mú, gbogbo rẹ̀ láti ara bọ́ọ̀dù, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ náà ń fi ọwọ́ òsì ra ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

“Tíṣà wa á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la, mà,” ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú mi. Mo ní kí ó pa á dé, kí ó lọ mú ìwé kan lórí pẹpẹ mi, èyí tó bá wù ú, kí ó sì dúró síbẹ̀ kà á sókè fún mi.