Sátidé Mẹ́ta Tí Mo Fi Wá Ohùn Ọkọ Mi

Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ ọkọ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lójúmọ́ kéré débi pé mo lè fi ìka ọwọ́ kà á. Bí mo bá ní "Ẹ káàárọ̀," á ní "Hùn." Mi ò ka ìyẹn mọ́ ọ̀rọ̀. "Iná ti lọ" jẹ́ mẹ́ta. "Ó tó," nígbà tí mo bá ń bu oúnjẹ fún un, jẹ́ méjì. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá pè láti òkè òkun, ó lè tó ogún. Lẹ́yìn ìyẹn, á padà sínú àga rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa wo ìròyìn tó ti wò lówùúrọ̀.

Ẹni tí mò ń sọ yìí, ẹnu ló fi jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àwọn ará ìjọ wa ní àgbà ló dé sí i. Àwọn àbúrò mi ní Èkìtì ní kí n fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ìsinmi kọ́ nìyẹn! Ẹni tó ń sinmi a máa gbádùn ìsinmi rẹ̀. Ọkọ mi ń ṣe bí ẹni tí wọ́n ti pa ìwé rẹ̀ dé, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá tètè wá nǹkan ṣe, yóò máa dákẹ́ sí i lójoojúmọ́ títí n ó fi máa bá àga lásán sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Èmi ní tèmi, bí ẹ̀rù bá ti bà mí, inú ló máa ń bí mi.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó máa kọ́ mi ní ẹ̀kọ́. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, yàrá kan la gbà ní Okokomaiko, a ò ní tẹlifíṣọ̀n. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, á gbé dráàfù jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló fi rúlà àti báírò fa ojú rẹ̀ sára páálí. Ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò la fi ń ṣe ọmọ. Ó gba pupa, mo gba àwọ̀ ewé. Ọwọ́ kọ́ ló fi ń jẹ mí, ẹnu ni. Á ti ọmọ kan síwájú mi, á wá wò mí lójú pé, "Jẹ ẹ́, kò ní í pa ọ́." Dandan sì ni kí n jẹ ẹ́, nítorí pé ní dráàfù, bí jíjẹ bá ti wà, èèyàn ò gbọ́dọ̀ fò ó. Bí mo bá ti jẹ ẹ́ báyìí, á fi ọmọ kan ṣoṣo fo mẹ́ta tèmi, á dìde, á máa jó yí bẹ́ẹ̀dì ká. N ó bínú títí di ìrọ̀lẹ́. Ohùn yẹn ni mò ń wá.

Mo wá pinnu pé lọ́jọọjọ́ Sátidé, a ó máa jáde lọ ṣe fàájì. Kì í ṣe Èkìtì, kì í sì í ṣe Erékùṣù tí àwọn olówó ń lọ. Ọ̀jọ́ níbí. Láti ìgbà tí a ti kọ́lé sí Ìbà, a ò tíì ṣe fàájì kankan ládùúgbò yìí rí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwa ará Èkìtì àti Oǹdó tó wà níbí ṣe ń ṣe. Ibi iṣẹ́ la ka ibí sí. A máa ń di fàájì wa sínú báàgì, ó di Kérésì, ká tó lọ tú u nílé. Mo sọ fún un pé ìyẹn ti parí.

Ó ní, "Kò burú." Méjì.

Sátidé kìíní, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Ìbà ni mo mú un lọ. Koríko ibẹ̀ tutù, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo àwọn àgọ́ kéékèèké, òórùn ẹja àrọ̀ yíyan sì ń bọ̀ títí dé títì. Ọkọ mi jáde nínú yàrá pẹ̀lú kóòtù àti táì. Mo ní kó lọ wọ bùbá. Ó wo ara rẹ̀, ó wò mí, ó lọ jókòó sínú mọ́tò. Èmi náà ti se mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, nítorí mi ò rí ìdí tí mo fi máa ra ohun tí mo mọ̀ ọ́n sè.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ṣí kúlà wò. "Mọ́mì, food no dey enter o. Na inside una go buy."

Mo ní, "Mọ́ínmọ́ín ni. Kì í ṣe oúnjẹ."

"Mọ́mì, mọ́ínmọ́ín na food."

Mo bá a jiyàn títí àwọn tó wà lẹ́yìn wa fi ń fọn fèrè mọ́tò. Mo yarí. Mo ní ká páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wọn, a sì jẹ mọ́ínmọ́ín náà nínú mọ́tò, bí orin inú ọgbà ṣe ń ta sí wa létí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ mi jẹ méjì tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Iyọ̀ pọ̀." Ọ̀rọ̀ méjì péré, ṣùgbọ́n ó bú oúnjẹ mi, inú mi sì dùn díẹ̀.

Sátidé kejì, a lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà Àjàǹgbàdì tó ní odò ìwẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọdé ń fò sínú omi, àwọn kan ń fò lórí ilé ràbà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, àwọn ìyá wọn ń pariwo. Mo ní, ibi tí ariwo wà rè é, bóyá á ran án. Kóòtù àti táì náà ló tún wọ̀. Kò jókòó. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí omi ká díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rìn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìdánwò. Bó bá dé ibi kan, á dúró, á wo omi, á mi orí.

Kò pẹ́ tí máníjà fi sáré jáde, ó ń de bọ́tìnnì bọ̀ lọ́nà.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Gbogbo ìwé wa ló pé, sà. Omi yìí, àná la pààrọ̀ ẹ̀."

Wọ́n ti pa orin. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn jáde nínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sáré bá máníjà, mo ní ọkọ mi ni, fàájì ló wá ṣe, ìjọba kọ́ ló rán an. Ó ní, "Ó yé mi, mà," ó sì gbé mọ́òtì tútù méjì wá fún wa láìgba kọ́bọ̀. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò gbà mí gbọ́. Ibi tí mo mú ọkọ mi lọ nítorí ariwo, òun ló pa ariwo ibẹ̀.

Nínú mọ́tò, mo sunkún. Mi ò fi pamọ́. Ó na áńkáṣíìfù sí mi, kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo nu ojú mi nù. Mo ní, "Sátidé tó ń bọ̀, etí omi Ọ̀jọ́ la ń lọ. A máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òdìkejì." Ilẹ̀ olókè ni wọ́n ti bí àwa méjèèjì, a ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé wa. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní ká lọ kú, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́, mi ò sì ní í yí i padà.

Báyìí la ṣe dé etí omi ní Sátidé kẹta, kóòtù, táì àti gbogbo rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ní ọkọ̀ kì í gbéra àfi tó bá kún, èèyàn mẹ́rin péré ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ní ká lọ dúró lábẹ́ igi fúrúùtù.

Àwọn àgbà ọmọ onílẹ̀ Ọ̀jọ́ ló jókòó sábẹ́ igi náà, wọ́n ń ta dráàfù lórí pátákó gidi. Bàbá kan tó dé fìlà funfun, tó so tẹ̀sùbáà mọ́ ọwọ́, ni ọ̀ta wọn, ìyẹn ẹni tí kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Ẹni tí wọ́n bá jẹ á dìde, ẹlòmíì á jókòó. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ síra wọn, wọ́n ń búra wọn, wọ́n ń fi ilé àti ìyàwó ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá láti bárékè, ń wòran lórí ìdúró. Lójijì ló kígbe sí ẹni tí bàbá ń bá ta pé, "Má ti ìyẹn!" Gbogbo wọn dá ọwọ́ dúró. Ẹni tó ń ta dìde, ó sì nawọ́ sí àyè rẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹni tó lẹ́nu..."

Àwọn yòókù dáhùn pé, "Ló lọ́wọ́!"

Òfin wọn nìyẹn: òǹwòran tó bá ti sọ fún òtayò ohun tó máa ta, òun ni yóò jókòó parí ayò náà. Sójà jókòó tìtìjú-tìtìjú, bàbá sì jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí n tó bu omi mu tán.

Nígbà tí n ó fi wo ẹ̀gbẹ́, ọkọ mi ti lọ dúró lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ pátákó. Bàbá gbójú sókè wò ó.

"Alàgbà oníkóòtù, ẹ ń ṣọ́ wa bí ẹni ń ṣọ́ ìdánwò. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ta, ẹ jókòó. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òjìji yín kúrò lórí pátákó wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní yóò dáhùn wàyí. Ọkọ mi tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ ì bá ti jáde kí bàbá tó pa ẹnu dé. Ó kàn sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ méjì, ó gbé òjìji rẹ̀ kúrò. Ó dùn mí ju ti òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀. Mo ní, "Ta ló kàn?"

Sójà ní, "Kò tíì sẹ́ni tó kàn, mà."

"Èmi ló kàn."

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá ní, "Ìyá wa, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ò gbé ìkòkò ka iná kí ẹ tó kúrò nílé ṣá?"

Mo ní, "Ìkòkò tèmi wà lórí iná láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹ wo iwájú yín, bàbá."

Wọ́n hó yèè. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ta á, bàbá sì jẹ méjì lára mi. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ náà rántí. Mo jẹ ọ̀kan. Mo dí ọ̀nà kan mọ́ ọn. Bàbá dín ọ̀rọ̀ kù. Ó wá ti ọmọ kan síwájú mi wẹ́rẹ́, ó sì yíjú sí omi bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe.

Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún mi láti jẹ. Ti òsì kò ní wàhálà. Ti ọ̀tún ni tàkúté: bí mo bá jẹ ẹ́, bàbá á fo mẹ́ta tèmi, á sì di ọba lórí pátákó. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi jẹ mí títí ní Okokomaiko.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé òjìji tí bàbá ní kó kúrò ti padà sórí pátákó.

Mi ò wẹ̀yìn. Mo na ọwọ́ mi sí ti ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ tó wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mo sún ọwọ́ sí i. Ó tún wúkọ́. Mo ní nínú mi pé bó bá dákẹ́, n ó jẹ ẹ́, kí ojú sì tì mí láàárín àwọn ará Ọ̀jọ́. Ìka mi ku díẹ̀ kó kan ọmọ náà.

"Ti òsì! Ti òsì ni kí o jẹ! Ẹ wo obìnrin yìí! Ṣé ojú rẹ fọ́ ni? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹni tó lẹ́nu..."

"Ló lọ́wọ́!" Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Mo ti dìde kí wọ́n tó pè é tán. Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Ó wo pátákó, ó wo ọwọ́ mi, ó wá wo ojú mi. Ó mọ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó tú táì, ó jókòó. Ó jẹ ti òsì.

Ó tẹjú mọ́ pátákó, ó ń ta lọ. Mo di kóòtù mú mọ́ àyà. Ọlọ́kọ̀ ké sí wa pé ọkọ̀ ti kún, ká máa bọ̀. Mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ, ọkọ̀ náà sì gbéra.

Ọkọ mi wá fi ìka kan ti ọmọ kan síwájú bàbá. Ó gbé orí sókè, ó wò ó lójú.

"Ẹ jẹ ẹ́, bàbá. Kò ní í pa yín."

Dandan ni, bàbá jẹ ẹ́. Ọkọ mi fo mẹ́ta. Kò dìde jó, ṣùgbọ́n mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń mì lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Bàbá ló padà jẹ ayò náà. Ọkọ mi ní èmi ni mo ti bà á jẹ́ kí òun tó jókòó, ó sì ń ṣàlàyé bí mo ṣe bà á jẹ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti etí omi títí a fi dé ẹnu géètì wa ní Ìbà. Mi ò ka ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀.