Kannakánná Orí Màlúù Àlájà

Òórùn ìgbẹ́ màlúù tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lé lórí ni ó máa ń kí mi bí mo bá ṣí fèrèsé ní Òkè-Ogbó lọ́dún 1997. Ìyá onílé wa, Àlájà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ló so akọ màlúù kan mọ́ igi kaṣú lẹ́yìn ilé. Títí tí ọkọ rẹ̀ fi kú ló ń sọ pé lọ́jọ́ kan òun yóò pa màlúù Iléyá, àgbò ló sì ń pa lọ́dọọdún. Àlájà wá ra màlúù yìí kí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ má baà ṣubú lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti wọ̀ mí lára láti kékeré. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ojú ni mo fi ń kọ́ ọ. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n óò gbé àpótí síta, n óò máa wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eégbọn ni lékeléke ń jẹ lára màlúù. Bí o bá fara balẹ̀, wàá rí i pé ẹsẹ̀ màlúù ló ń ṣọ́. Bí pátákò bá ti lu koríko tí tata fò sókè, ọrùn lékeléke á yọ bí ọfà, tata á sì di àwátì. Ṣùgbọ́n kannakánná kan wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀ kalẹ̀ rárá. Ó dúdú, ọrùn àti àyà rẹ̀ funfun bíi pé ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn iké ni í máa ń bà lé, ẹnu rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, màlúù á sì dúró jẹ́ẹ́, á di ojú. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo pe ẹni tí a jọ háyà ilé kó wá wò ó. Ó ní, "Kọmíṣọ́nà àwọn ẹyẹ, wọn ò tíì san owó oṣù ẹ?" Àlájà ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé ẹyẹ náà.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Eégbọn ló ń bá a ṣà. Láádá ló ń gbà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kannakánná náà gbé orí sókè, mo sì rí ohun pupa tó ń fì lẹ́nu rẹ̀ bí okùn. Eégbọn kì í gùn báyẹn. Mo sún mọ́ ọn. Okùn inú ọkọ̀ tó gbé màlúù náà wá láti Òkè Ọya ló ti bó o léjìká, ẹyẹ sì ti já ibi tó bó náà jẹ títí ó fi di ihò. Etí ihò náà ti funfun, ọyún ń ṣàn, ìdin ń yíra wọn ká nínú rẹ̀, òórùn tó ń jáde kò yàtọ̀ sí ti ẹran tó ti kú. Mo bì sídìí kaṣú. Ibi tí mo tẹríba sí ni mo wà tí ẹyẹ náà tún fi padà dé, tó gbé ẹsẹ̀ lé etí egbò bí ẹni tó tẹ ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, tó sì ń jẹun lọ. Màlúù di ojú. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe pé ó ń gbádùn, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Mo sọ fún Àlájà, ó pe Àáfáà. Àáfáà wò ó, ó ní ẹran tí àìsàn rẹ̀ hàn báyìí kò yẹ fún Iléyá, àfi bí egbò náà bá jinná kó tó di ọjọ́ náà. Bí Àáfáà ṣe lọ tán, Àlájà yíjú sí mi.

"Lọ gbé omi gbígbóná wá," ló sọ fún mi, "kí o bu iyọ̀ sí i."

Igi ìtayín ni mo fi ń yọ ìdin, mo ń pa ojú dé, mo ń mí láti ẹnu. Àlájà da àdín sí egbò, ó fa ògbólógbòó ìró rẹ̀ ya, ó dì í. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lójoojúmọ́, kannakánná yóò sì wà lórí páànù, á máa ké mọ́ wa.

Egbò jinná. Lọ́jọ́ Iléyá, Àáfáà fọwọ́ kan àpá náà, ó mi orí pé ó ti yẹ, wọ́n dúńbú màlúù, Àlájà sì sunkún ayọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹran díndín wá bá mi.

"Èjìká ni mo yọ fún ọ. Ìwọ lo tọ́jú rẹ̀."

Ó dúró, ó ń wò mí. Mo gbé e mì láìrún un.

Láti ìgbà náà, n kò pe ẹyẹ kankan ní ọ̀rẹ́ màlúù mọ́. Ẹyẹ ò mọ láádá, ebi ló mọ̀. Àwa tí a jókòó lórí àpótí la máa ń bá a wá láádá kí wíwò wa lè dùn. Mo ṣì ń wo ẹyẹ títí dòní, ṣùgbọ́n ojú ẹran tó bà lé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.