Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Marcelline

Bóyá ni òṣìṣẹ́ kan kù ní Pobè tí Pacôme kò tíì fín sára pákó. Ó fín àwọn ọlọ́kadà, ó fín àwọn tó ń ru síméńtì l'Ónígbólò. Kì í bu ẹwà kún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀yìn rẹ bá ti tẹ̀, títẹ̀ ni yóò fín in.

Yóò fi ọ̀dà dúdú kun pákó, yóò tẹ́ ìwé lé e, yóò sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ohun tó wà lápá ọ̀tún lára pákó, apá òsì ló ń bọ́ sí lórí ìwé, nítorí náà òdìkejì ló ń fín láti ọgbọ̀n ọdún. Marcelline ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a di etí ìwé mú, òun náà ló ń rí àṣìṣe.

“Ọkọ mi, ẹ wò ó dáadáa, ọwọ́ òsì ni Bienvenu fi ń gbé àpò síméńtì o! Èmi ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa fín èmi?”

“Ṣé o ń sá lọ ni?”

Ó kúkú lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Wọn ò bímọ, òjò sì ti ba fótò kan ṣoṣo tó ní jẹ́.

Nígbà tó pé ọdún kan, Pacôme fín in. Ó ṣí ìwé, Marcelline ń wò ó, pẹ̀lú àpá iná ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Inú rẹ̀ dùn. Àfi bí ara ṣe fu ú: ṣé ọ̀tún ni, àbí òsì? Ojú orí pákó àti ojú orí ìwé ti dàrú mọ́ ọn lọ́kàn. Ojú tì í gan-an, ẹni tí ì bá sì bi ló ti kú yẹn.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Sakété, sọ́dọ̀ Berthe, ẹ̀gbọ́n Marcelline. Omi lé ròrò sójú Berthe.

“Òsì ni, Pacôme. Àmọ́ má da ara ẹ láàmú. Bó ṣe máa ń rí ara ẹ̀ nínú dígí nù-un.”

“Bí èmi ṣe ń rí i ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ibo ni mo ti fẹ́ rí ìyẹn?”

Berthe dìde. Omi ló lọ bù wá fún un.

Pacôme délé, ó fín òmíràn. Òkúta ló fi tẹ etí ìwé tí Marcelline ì bá dì mú. Àpá bọ́ sí òsì. Ó jókòó tì í pẹ́ títí, ó ń retí kí ẹnì kan sọ fún un pé ó ti tọ̀nà.