Àpò Tó Fúyẹ́

Òórùn ọ̀rá tuntun ló gbé mi padà sílé wa ní Ladjifarani. Àpò ilé-ìwé ni mo fẹ́ rà fún ọmọ mi, ni mo bá fi ìka kan gbé e wò, bí bàbá mi ti ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ọdẹ ni bàbá mi. Lọ́jọ́ náà, ó ti àpò tí wọ́n fi awọ ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú àpò ọ̀rá.

"Ẹni tó bá máa pẹ́ nínú igbó, ẹrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́."

Ó da gààrí sí i, ó sì ká agbádá tó ń wọ̀ lọ kí ìrun Jímọ̀ lé e lórí.

"Bàbá, ẹ ò mú ìbọn ni?"

"Ó wúwo."

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́ tí omi kò kàn. Nílé wa, a kì í bi ọdẹ ní ọjọ́ tó máa padà, nítorí náà kò bi í.

Ìgbà tí èmi náà wọlé ọkọ ni mo tó mọ̀ pé kò sí ọdẹ tó ń gbé agbádá Jímọ̀ wọ igbó.

Ìbọn náà ṣì wà lára ògiri. Ìyá mi ló ń nu eruku ara rẹ̀, kò sì tíì bi ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ tí bàbá mi máa padà.