Ládàánì Tí Kò Fẹnu Kan Ọtí Rí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi, Mọ̀núrù, fi ṣe ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa n'Ísàlẹ̀ Èkó. Fìlà ni wọ́n ń rán jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé bíà wọ agboolé wa, wọ́n á ní kó gbé e padà síta kíá.

Lọ́dún 1974, ẹyinjú wọn pọ́n bí ìyeyè. Apá wọn rù, ẹsẹ̀ wọn wú, ikùn wọn sì tóbi débi pé okùn ṣòkòtò kò yí i ká mọ́. Ní ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ fa omi inú ikùn náà kún garawa kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tún kún.

Dókítà ní ẹ̀dọ̀ wọn ló ti bàjẹ́. Ó bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń mutí?" Wọ́n ní àwọn ò mu ún rí. Dókítà ní òun gbà, pé ibà pọ́njú tó ṣe wọ́n nígbà èwe náà lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Memunat, ará ilé wa tó bá wa lọ, kò dúró gbọ́ ìyẹn. Ìbéèrè nìkan ló gbé délé. Ẹnu ayé lẹbọ!

Nígbà tó yá, àìsàn náà gòkè sórí. Wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́. Ní Jímọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpè ìrun láìparí rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò sì ranlẹ̀ mọ́ bí wọ́n ti ń bọ̀ wálé.

Memunat pariwo, "Ẹ ò rí i? Ó ti yó!"

Mo gbá gèlè mọ́dìí. "Olófòófó! Ìgò wo lo bá lọ́wọ́ wọn?"

Síbẹ̀, lèmọ́mù gba ìpè ìrun lọ́wọ́ wọn, ó gbé e fún Jíbrílù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí náà. Ó dun ẹ̀gbọ́n mi ju àìsàn lọ. Wọ́n ní, "Àlímọ̀t, jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ìwọ ṣáà mọ̀ mí."

Èmi tí mo ń bá gbogbo ilé jà yìí! Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n sùn lọ lórí ẹní. Òórùn kan tí n kò gbọ́ rí ń jáde lẹ́nu wọn, ó ń ta sánsán bí èso tó ti ń rà. Mo gbọ́ ohun tí dókítà sọ, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé imú sún mọ́ ẹnu wọn, mo ń wá òórùn ọtí níbẹ̀.

Wọ́n lajú.

"Ìwọ náà, Àlímọ̀t?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú." Wọ́n yíjú sí ògiri. Ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n tún lò láyé. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n, ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, Hàwáwù ìyàwó wọn ni wọ́n ń pè.