Súìtì Tí Mo Fi Ń Yin Ọmọ

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí lọ́dún tí ìjọ wa ní Grayson, l'Amẹ́ríkà, ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Yorùbá. Mo ti fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà n'Íbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa ọmọ.

Kí àwọn ọmọ lè lanu sọ̀rọ̀, mo kó súìtì sínú agolo. Ẹni tó bá kí mi dáadáa á gba ọ̀kan. Ẹni tó bá ka oókan dé ẹẹ́wàá á gba ọ̀kan. Tiwa, ọmọ ọdún méje, ló mọ̀wé jù. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi títí a ó fi ṣe tán.

Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀, Bùkọ́lá, tó ń bá dókítà eyín ṣiṣẹ́ ní Riverdale, dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Àmì funfun kan ti yọ lára eyín Tiwa, ọ̀kan nínú èyí tí yóò bá a dàgbà. Kò tíì dá ihò, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ dá a."

"Ṣé kì í fọ eyín ni?"

"Ó ń fọ̀ ọ́, mà." Ó wo agolo mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó mọ̀wé jù ló ń jẹ súìtì jù, mà."

Ojú tì mí. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé lẹ́nu gbogbo wa. Bí a bá jẹ ohun dídùn, wọ́n á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á sì tu omi kíkan tó ń jẹ eyín sára rẹ̀. Itọ́ ló ń ṣan án kúrò, ṣùgbọ́n ó nílò àkókò. Èmi tí mo ń pín súìtì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, mi ò jẹ́ kí itọ́ ráyè.

"Ṣé a ò lè pa wọ́n tán ni?"

"Rárá, mà. Ká febi sọ wọ́n di ọ̀lẹ ló kù."

Ó mú ṣingọ́ọ̀mù kan jáde, èyí tí wọ́n fi xylitol ṣe dípò ṣúgà. Ó dùn lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n kì í dà nínú àwọn kòkòrò náà. Ó kìlọ̀ pé kò rọ́pò fífọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ajá má sì kàn án, nítorí ó lè pa á. Oṣù mẹ́fà sí i ni dókítà yóò tún yẹ eyín náà wò.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mi ò gbé agolo wá.

"Grandma, candy mi ńkọ́?" Tiwa ló bèèrè.

"Sọ pé, 'Súìtì mi dà, mà?' Kò sí mọ́. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè mi dáadáa á jókòó lórí àga mi, á bi mí ní ìbéèrè tirẹ̀."

"Any question?"

"Ìbéèrè yòówù, ní Yorùbá."

Ó dáhùn ìbéèrè tèmi, ó gun àga, ó ronú. "Grandma, ṣé real ni eyín yín?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Mẹ́ta kì í ṣe tèmi," mo wí. "Mi ò tètè gbọ́n."

Mo ka oṣù mẹ́fà yẹn bí aboyún. Lọ́jọ́ tí Bùkọ́lá pè mí, mo ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Mummy, kò dá ihò o! Dókítà ní ojú ibẹ̀ ti le!"

Mo jó yí ilé ìdáná ká. Ọmọ mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ bèèrè bóyá green card mi, ìwé àṣẹ ìgbélùú, ló dé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọ ní ohun dídùn, ẹ fi kún oúnjẹ rẹ̀, kó sì tán níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi.