Ọmú Tó Jò ní Ìgbòṣèrè

Òórùn ọmú tó kan lára aṣọ kì í tètè kúrò nímú ẹni. Títí dòní, bí mo bá gba Ìgbòṣèrè kọjá, ó máa ń dà bíi pé ó ṣì wà lára mi. Táípíìsì ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì lọ́yà kan níbẹ̀, àkọ́bí mi ò sì ju oṣù mẹ́rin lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kí n fún un lọ́mú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí àgbo. Ìyá ọkọ mi, tí à ń bá gbé ní Láfíàjì, ò fara mọ́ ọn rárá. "Ọmọ wo ni kì í mumi nínú ooru Èkó yìí?" Síbẹ̀, ọmú tí mo bá fún sínú ife láàárọ̀ náà ni wọ́n ń fi ṣíbí fún un.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìwé lọ fún ọ̀gá mi níwájú àwọn oníbàárà. Bí ọmọ ẹnì kan ṣe ké níta báyìí, ọmú mi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kí n tó fi ìwé bo àyà, búláòsì mi ti tutù dé ikùn. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi yíjú sí fèrèsé: "Madam, ẹ lọ tún ara yín ṣe." Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá kó sí i.

Mo délé, mo ní, "Màmá, ẹ bá mi po ògì fọ́mọ yìí. Mi ò ṣe mọ́." Mo rò pé inú wọn á dùn.

"Kí ló ṣe ọ́?"

Mo sọ ọ́, mi ò lè gbójú sókè. Wọn ò po ògì kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ọmọ lẹ́yìn wọn, òógùn bò wọ́n. Wọ́n kí gbogbo èèyàn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. "Ìyàwó mi, wá fọ́mọ ẹ lọ́mú." Ojú tì mí ju ti àná lọ. Ó wù mí kí wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ti gbọ́ ohùn mi, ó ti ń wá àyà. Wọ́n fi ìborùn wọn bò mí, wọ́n wá kọjú sí gbogbo yàrá náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá títí oṣù mẹ́fà fi pé. Kí n má purọ́, mi ò lè gbórí sókè lọ́jọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tiẹ̀ gbà pé ó yẹ kọ́mọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìmumi ló ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn kí n lè ṣe é. Ojú ń tì mí, ọmọ mi ń yó. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ìtìjú gbọ́dọ̀ tán kí èèyàn tó lè ṣe ohun tó tọ́. Àṣé àwọn méjèèjì lè jọ jókòó.